Láti Orí Igbá Dé Orí Èrè: Ìtàn Owó Orí Àwa Obìnrin Ọlọ́jà

  

Ní ìpàdé kan tí a ṣe, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí mò ń tajà fún ara mi, tí mi ò ní ọ̀gá kankan, ta ló yẹ kí n san owó orí fún? Mélòó sì ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa. Àwa tí a ti ń tajà láti ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, gbogbo wa la wolẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ìtàn yìí sínú ìwé àjọ̀dún wa, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Èmi gan-an ti fi owó kọ́gbọ́n níbẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ní ọdún 2006, mo gba kọ́ńtírátì láti kó ìrẹsì, ẹ̀wà àti òróró fún ilé iṣẹ́ kan. Iye ọjà tí mo kó jẹ́ ₦400,000. Nígbà tí wọ́n máa sanwó, ₦380,000 ni mo rí gbà. Mo pariwo! Mo ní wọ́n ti jí owó mi. Akọ̀wé owó ní, “Màmá, a ò jí i o, owó orí yín la yọ, márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.” Mo kan gba owó mi, mo sì bínú jáde.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn agbowó orí dé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní wọ́n ti yọ tèmi níbi tí mo ti ṣe kọ́ńtírátì. Wọ́n ní, “Ó dáa, ìwé rẹ̀ dà?” Háà! Ìwé wo? Èmi kò mọ̀ pé ó yẹ kí n gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti yọ owó náà ní orúkọ mi. Bí mo ṣe tún san òmíràn nìyẹn. Kì í ṣe olè ló kó ₦20,000 mi lọ, àìmọ̀ mi ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé báwo ni ọ̀rọ̀ owó orí yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ni àwọn ìyá wa ṣe sí i, kí ló sì kù tí àwa náà máa ṣe.

LÁYÉ ONÍBODÈ

Kí òyìnbó tó dé, owó wà tí ọlọ́jà ń san. Oníbodè ń jókòó sí ẹnu ibodè ìlú, ẹni tó bá sì ru ẹrù kọjá á yọ owó ẹyọ sílẹ̀, tàbí kó bù nínú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà wọn pa, Gómìnà Glover ní Èkó wá ọ̀nà mìíràn tó gba ìhà Òndó lọ sí òkè ilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1870 ni ọ̀nà Òndó yìí là, ọjà sì ń gba ibẹ̀ lọ, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjà kò sì yọ obìnrin sílẹ̀ nígbà náà. Ní Òndó, Lóbùn, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, ni ètò ọjà wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń ṣe ètùtù bí wọ́n bá fẹ́ dá ọjà sílẹ̀. Wọn kì í fi Ọ̀ṣemàwé jẹ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìtàn Òndó tilẹ̀ sọ pé obìnrin, Púpùpù, ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ààfin Déjì gan-an ni Ọjà Ọba, tí a ń pè ní Erékẹ̀sán, wà. Ọba àti ọjà, ojú kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kíyè sí nǹkan kan. Owó ibodè, orí igbá ló wà. Oníbodè kò bi ọ́ pé ṣé o jèrè àbí o pàdánù. Ó wo ẹrù rẹ, ó sì gba tirẹ̀.

OWÓ DÉ ORÍ ÈNÌYÀN

Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wọ́n gbé owó kúrò lórí igbá, wọ́n gbé e lé orí ènìyàn. Ìyẹn la ṣe ń pè é ní owó orí. Ní ọdún 1918 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, inú rẹ̀ wà lára ohun tó dá Ogun Àdùbí sílẹ̀ ní ọdún náà. Ọkùnrin ń san ṣílè márùn-ún, obìnrin ń san ṣílè méjì àti sísì lọ́tọ̀. Ẹni tó jèrè díẹ̀ àti ẹni tí ata rẹ̀ rà sínú agbọ̀n, iye kan náà ni wọn ó san. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ti di ẹni à ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀sùn tó sì dun àwọn ìyá jù ni pé àwọn agbowó orí ń tú aṣọ lára àwọn ọmọ náà láti wò ó bóyá wọ́n ti dàgbà tó.

Ní Èkó, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Ní ọdún 1940, ìjọba ṣe òfin pé obìnrin tó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí. Ìyá kan wà nígbà náà, Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní oṣù December ọdún náà, àwọn obìnrin tú jáde, wọ́n rọ́ lọ sí ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nnà. Wọ́n ní ogun ń lọ lọ́wọ́, ọjà kò tà, àwọn kò sì ní ìbò láti dì, báwo ni wọ́n ṣe máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn? Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé e kúrò ní £50, ó di £200. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọlọ́jà bọ́ níbẹ̀. Ìbò tí wọ́n ń wí yẹn, ọdún 1950 ni ọwọ́ obìnrin Èkó tó tẹ̀ ẹ́. Pẹlẹ́wùrà sì kú ní 1951.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìyá yẹn kò lè mú òfin náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ó jà fún ààlà: pé ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó báyìí, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Abẹ́òkúta ló wá kàn. Ní ọdún 1946, Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ̀wé para pọ̀ mọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà, wọ́n sọ ọ́ di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Láti ìparí ọdún 1947 ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ti ń rọ́ lọ sí ààfin, tí wọ́n ń sùn síbẹ̀, tí wọ́n ń kọrin. Wọn kò kàn sọ pé “a ò san.” Wọ́n ní kí ìjọba gbé owó orí lé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá òyìnbó tó ń jèrè nílùú, kí obìnrin sì wà nínú àwọn tó ń pinnu bí wọn ó ṣe ná owó náà. Ní January 3, 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì gbé adé sílẹ̀, wọ́n sì dá owó orí obìnrin dúró. Ọba náà padà sórí oyè ní December 1950, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti gbọ́ ohun tí ọlọ́jà lè ṣe.

IBI TÍ OWÓ NÁÀ LỌ

Kí á má fi ibì kan pamọ́, owó orí ti ṣe wá lóore pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gba ṣílè mẹ́wàá àti sísì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Wọ́n kùn, wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n ní January 1955, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Àwọn tó wà láàárín wa tí wọ́n lè ka ìwé yìí, tí ìyá wọn kò lè kà, ẹ mọ ibi tó ti wá.

Nígbà tó di 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, nítorí owó orí pọ̀ jù, àwọn agbowó orí sì ń dààmú ènìyàn lójú ọ̀nà fún rìsíìtì. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa dé ní February 1976, Àkúrẹ́ di olú ìlú, agbowó orí sì di púpọ̀: ti ìpínlẹ̀ ń bọ̀, ti káńsù ń bọ̀, àwọn mìíràn tí a kò mọ ẹni tó rán wọn náà ń bọ̀.

Nítorí irú èyí ni ìjọba àpapọ̀ ṣe ṣe òfin kan ní 1998, tó to owó tí kálukú ìjọba lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Owó orí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Owó ìforúkọsílẹ̀ ilé òwò, ìpínlẹ̀ náà ni: ní ìlú ńlá, kò gbọdọ̀ ju ₦10,000 lọ nígbà àkọ́kọ́, àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn náà, ní ìgbèríko, ₦2,000 àti ₦1,000. Owó ìdàgbàsókè kò gbọdọ̀ ju ₦100 lọ lọ́dún. Owó ṣọ́ọ̀bù àti kíósíkì, owó mọ́tò páàkì, àti owó ọjà tí kì í ṣe ìpínlẹ̀ ló fi owó sí i, ti káńsù ni. Òfin yẹn sì sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé igi dí ọ̀nà nítorí owó orí. Ẹ ò rí i pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń jà fún ló di òfin?

AṢỌ MẸ́TA TÍ ÒWÒ Ń WỌ̀

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí á tó mọ ẹni tí a máa sanwó fún, ó yẹ ká mọ irú aṣọ tí òwò wa wọ̀.

Aṣọ kìíní ni ti ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wọ èyí: ẹni tó ń ta gààrí, ẹni tó ń ránṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ, ẹni tó ń gba kọ́ńtírátì oúnjẹ òde. Bí o bá ń lo orúkọ àbísọ rẹ àti orúkọ bàbá tàbí ti ọkọ rẹ lásán, kò di dandan kí o forúkọ òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ ní “Ìbùkún Stores” tàbí “Adùn Catering”, àjọ CAC ni wàá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ yìí ń jẹ́ kí o lè ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ òwò. Síbẹ̀, ìwọ àti òwò náà, ọ̀kan ṣoṣo ni yín lójú òfin: gbèsè rẹ̀, gbèsè rẹ ni, èrè rẹ̀, èrè rẹ ni, ìpínlẹ̀ lo sì máa san owó orí rẹ̀ fún.

Aṣọ kejì ni kọ́ńpìnì, èyí tí wọ́n ń kọ Limited sí ìdí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ènìyàn méjì ló kéré jù tó lè dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin 2020 ti jáde, ẹnì kan ṣoṣo lè dá a sílẹ̀. Kọ́ńpìnì ti di ènìyàn ọ̀tọ̀. Bí ó bá jẹ gbèsè, òun ló jẹ ẹ́, àfi bí ìwọ fúnra rẹ bá fọwọ́ ṣe onídùúró fún un ní báńkì. Owó orí tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ. Òfin fi owó orí ilé iṣẹ́ ji àwọn kọ́ńpìnì kéékèèké, ṣùgbọ́n ìwé ọdọọdún kò fi ji ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lè máa tọ́jú ìwé, kó má ṣe sáré wọ aṣọ yìí nítorí fáàrí.

Aṣọ kẹta ni ti ẹgbẹ́ wa yìí. Ìjọba ní kí òyìnbó kan tí ń jẹ́ Strickland wo bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe lè wúlò ní Nàìjíríà, ní 1935 òfin rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin lè ra ilẹ̀, ó lè pe ẹjọ́, ó lè ní àkáǹtì, gbogbo rẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: ìwé ẹgbẹ́ kò bo ìsọ̀ ẹnikẹ́ni. Owó orí tó jẹ mọ́ òwò rẹ, ẹgbẹ́ kò san án fún ọ.

OWÓ TI DÉ ORÍ ÈRÈ

Òfin tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní June 26, 2025, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. Ohun tó sọ nìyí: ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún rẹ, kò sí owó orí lórí rẹ̀. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, márùndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí dé márùndínlọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ rí i? Ààlà tí Pẹlẹ́wùrà jà fún ní 1940, òun náà ló tún padà wá yìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìyá kan ta ọjà ₦6,000,000 lọ́dún. Ó fi ₦4,600,000 ra ọjà náà. Owó ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó alábàárù jẹ́ ₦500,000. Èrè rẹ̀ ku ₦900,000. Yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦100,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦15,000. Bí ó bá tún ní rìsíìtì ilé tó ń gbé, tó ń san ₦300,000 lọ́dún, òfin ní kí wọ́n yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà fún un, bí kò bá ṣáà ti ju ₦500,000 lọ. Ìyẹn ₦60,000. Owó orí rẹ̀ á wá di ₦6,000 péré.

Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìwé ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ₦6,000,000 tó wọlé sí báńkì nìkan ni wọ́n rí, tí wọ́n sì pè é ní èrè, ₦870,000 ni ìṣirò yẹn máa gbé jáde. Odindi èrè ọdún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ yẹn! Láti ₦6,000 dé ₦870,000, ìwé nìkan ló wà láàárín.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìjà àwọn ìyá wa kò tíì parí. Wọ́n gbé owó kúrò lórí igbá àti lórí ènìyàn, ó dé orí èrè. Ṣùgbọ́n èrè kì í ṣe igbá tí ojú ń rí, inú ìwé ló ń gbé.

OHUN TÍ MO BẸ̀ YÍN FÚN

Ìyá tó bí mi kò kàwé. Ọjà Ọba ló ti tajà títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹfun kì í wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀: ìlà fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ìlà fún ẹni tí òun jẹ. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Bí ìyá tí kò mọ A bá lè tọ́jú ìṣirò lára ògiri, kí ni àwíjàre tiwa?

Kí kálukú ní ìwé kékeré kan, kí ó pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: ọjọ́, owó tó wọlé, owó ọjà tí a rà, ìnáwó orí òwò. Owó iléèwé ọmọ àti aṣọ ẹbí kì í ṣe ìnáwó òwò o, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ, kí ọmọ rẹ̀ máa kọ ọ́ lálaalẹ́. Kí àkáǹtì òwò yàtọ̀ sí ti ilé. Kí March 31 tó pé lọ́dọọdún, kí a mú ìṣirò ọdún tó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ àjọ owó orí ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ààlà náà, kó lọ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gba kọ́ńtírátì, wọ́n ṣì ń yọ owó orí lára owó yín. Láti 2025, méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ọjà tí a kó, ìlọ́po méjì sì ni fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà owó orí. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ rántí ₦20,000 mi.

Mo sì dá a lábàá níwájú ẹgbẹ́ pé kí a fi nínú owó àjọ̀dún yìí ra ìwé ìṣirò kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí a sì yan ọjọ́ kan nínú oṣù February tí a ó máa jókòó ṣírò pọ̀, ní Àkúrẹ́ àti ní Òndó. Ní ọjọ́ náà, ẹni tó bi wá ní ìbéèrè yẹn ni yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé tirẹ̀.

Ajé á bá wa gbé o. A ò ní tà sí gbèsè, a ò ní ṣe òwò àṣedànù. Ẹgbẹ́ wa á máa lọ síwájú ni. Àṣẹ.